Ọkọ̀ Àgbàdo Tó Ń Gbóná Lẹ́yìn Àtúnṣe Ilé

Okùn ni wọ́n fi fa ọkọ̀ náà wọ gáréèjì wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, àgbàdo ṣì kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé ẹnu. Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ ni, oní-dísù, sílíńdà mẹ́fà tó tò lẹ́sẹẹsẹ, kò ní tọ́bò. Irú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé bó bá ti ń rí omi àti ọ́ìlì, ọmọ ẹni tó rà á lè jogún rẹ̀. Ẹni tó ni ín jẹ́ àgbàlagbà kan tó ń ra àgbàdo láwọn abúlé tó yí Kétu ká, tó sì ń kó o lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Òun àti dẹ́rẹ́bà rẹ̀ jọ tẹ̀lé ọkọ̀ náà dé ni, ó sì ti rẹ àwọn méjèèjì tẹnutẹnu. Mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà ti sọ fún wọn pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín tọ́ọ̀pù sílíńdà àti ara ẹ́ńjìnnì, ti jó, pé àfi kí wọ́n ṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà, kí wọ́n gbé e lọ fá.

Owó ńlá nìyẹn. Bàbá ní òun kò ní san án àfi bí ẹlòmíì bá tún wò ó kó sọ ohun kan náà.

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwa tí a ń gba ọkọ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ tú nílé. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tí a ń gbà wò ó, ó sì yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó kàn bàjẹ́ fúnra rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Pọ́ọ̀ǹpù omi ló ń jò. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ pọ́ọ̀ǹpù omi tí kì í ṣe àbùkù. Wọ́n dá a síbẹ̀ kí omi lè rí ibi ro síta nígbà tí síìlì inú bá ti jẹ, kó má baà wọnú bíárì. Dẹ́rẹ́bà ń rí omi tó ń kán níbẹ̀ láràárọ̀, ó sì mọ ohun tó ń wí. Bàbá ra pọ́ọ̀ǹpù tuntun. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì díẹ̀ kó tó lọ máa gun zémidjan (ọ̀kadà), òun àti dẹ́rẹ́bà ló ṣe é nínú àgbàlá lọ́jọ́ ìsinmi kan. Wọ́n tú bẹ́líìtì, wọ́n tú fáànù, wọ́n yọ ohun tó dí ọwọ́ wọn, wọ́n ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò lójú irin, wọ́n de pọ́ọ̀ǹpù tuntun, wọ́n sì da omi sí i.

Kí n má baà gbàgbé, iṣẹ́ pọ́ọ̀ǹpù yẹn dáa. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò jò, bíárì rẹ̀ kò mì, bẹ́líìtì le níwọ̀n, wọn kò sì rọ́ gọ́ọ̀mù kún un débi tí èyí tó ṣẹ́kù yóò fi já bọ́ sínú omi lọ dí rédíétọ̀. Àwa mẹkáníìkì fẹ́ràn láti máa fi iṣẹ́ ilé ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n mo ti rí èyí tó burú jù ú lọ fíìfíì, láti ọwọ́ ẹni tó kọ "Ọ̀gá Mẹkáníìkì" sára ògiri.

Ìrìn àkọ́kọ́ lẹ́yìn àtúnṣe, òfìfo ni ọkọ̀ náà lọ, wàhálà kankan kò sí. Nígbà tí wọ́n di ẹrù sí i ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Kétu sí Pọ́bẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ á kọ́kọ́ rẹlẹ̀ wọ inú ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, kó tó tún gòkè lọ sí Pọ́bẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ti ń fi gíà kejì rá gun òkè yẹn ni abẹ́rẹ́ géèjì ti wọ pupa.

Dẹ́rẹ́bà náà gbọ́n. Ó dúró, ó pa á, kò sì fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ títí tó fi tutù. Ìdérí tó ń di agbára tó tó bar 1 mú máa ń jẹ́ kí omi dé nǹkan bí 120°C láìhó. Bí ènìyàn bá ṣí i lójijì, agbára yẹn lọ, gbogbo omi náà hó lẹ́ẹ̀kan náà, ojú àti àyà ẹni tó ṣí i ni yóò sì fọ́n sí. Omi tútù tí a bá sì dà sínú irin tó gbóná bẹ́ẹ̀ lè sán tọ́ọ̀pù sílíńdà. Ká ní ó kánjú ni, ìtàn mìíràn ni mi ò bá máa kọ.

Ìdí tí wọ́n fi ní gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó

Mẹkáníìkì ojú ọ̀nà ṣí rédíétọ̀, ó ní kí wọ́n ṣáná sí i, ó rí i pé omi ń yọ ìfófó. Ìyẹn nìkan ló fi dájọ́. Òótọ́ ni pé bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá jó, afẹ́fẹ́ iná inú sílíńdà yóò máa ya wọnú omi, ìfófó yóò sì máa jáde. Àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, òun náà yóò yọ ìfófó. Ìfófó méjèèjì kò yàtọ̀ lójú. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tó há sínú omi máa ń tán, ti gásíkẹ́ẹ̀tì kì í tán.

Mo bi Bàbá pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ ṣe sí i kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná?"

"Pọ́ọ̀ǹpù omi la pààrọ̀, ọmọ mi. A ò ṣe ohun mìíràn."

"Ẹ bá mi ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tó ṣẹ́kù wá látilé. Ti àtijọ́, ti tuntun, bóòtù, wáṣà, ohun tó ti bàjẹ́. Ẹ má ṣa ọ̀kan kúrò."

Ó wò mí bíi pé mo fẹ́ lọ tà wọ́n fún àwọn onírin jíjẹ. Ṣùgbọ́n ó ránṣẹ́. Agolo tòmátì kan ni wọ́n gbé dé, pẹ̀lú pọ́ọ̀ǹpù àtijọ́ nínú àpò ìrẹsì. Nínú agolo náà, bóòtù gígùn mẹ́rin wà tí kì í ṣe ti pọ́ọ̀ǹpù, tí kì í sì í ṣe ti fáànù. Mo gbé wọn sórí bẹ́ǹṣì níbi tí gbogbo wa yóò ti máa rí wọn.

Bàbá fẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ já àgbàdo sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má já a. Ẹ́ńjìnnì dísù tó dúró sójú kan láìgbé ẹrù kì í mú ooru púpọ̀ jáde. Ó lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan kí géèjì má sún. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀ yóò dá a padà fún olówó pé ó ti dáa, òkè àkọ́kọ́ ni yóò sì já a nírọ́. Àgbàdo yẹn wúlò fún mi ju irinṣẹ́ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ.

Afẹ́fẹ́ la kọ́kọ́ yọ. A gbé iwájú ọkọ̀ sí ibi tó ga, a tú bóòtù kékeré tó wà lókè níbi tí omi ti ń jáde kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, a ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí omi fi jáde níbẹ̀ láìsí ìfófó. Omi tó wọlé lẹ́yìn ìgbà yẹn kì í ṣe kékeré. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ náà ti ń rìn láìkún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí i, mo ṣí ìdérí. Omi wà níbi tí a fi sí. Ọ́ìlì kò funfun, omi kò ní ọ̀rá lójú. Mo ní kí wọ́n ṣáná, mo di ọ́ọ̀sì òkè mú. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá jó, ọ́ọ̀sì yẹn yóò le kí omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ pàápàá, nítorí agbára inú sílíńdà ló ń tì í, kì í ṣe ooru. Kò le. A tún lo omi aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń wá afẹ́fẹ́ iná nínú rédíétọ̀. Kò yí àwọ̀ padà. Kí àwọn tó ń lò ó kíyè sí i: ti ọkọ̀ pẹtiróòlù a máa di yẹ́lò, ti dísù sábà máa ń dúró sí àwọ̀ ewé, nítorí pé afẹ́fẹ́ tútù pọ̀ nínú èéfín dísù. Nítorí náà, bí dísù kò bá yí i padà lórí ìdúró, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Àfi kí a tún un ṣe lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbé ẹrù rìn. A tún un ṣe lẹ́yìn náà, búlúù náà ló dúró sí.

Ọ̀nà àbùjá

A gbé ọkọ̀ lọ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Mo mú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń nà sí nǹkan láti mọ bó ṣe gbóná tó. Kò pẹ́ tí abẹ́rẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. A dúró, a kò pa á, mo na ẹ̀rọ sí ọ́ọ̀sì òkè: 97°C. Mo nà á sí ọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀: 49°C.

Dẹ́rẹ́bà ní: "Ọ̀gá, ẹ ò rí i pé rédíétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ wo bó ṣe ń tu omi náà lójú tó!"

Èyí ló máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Lórí ọkọ̀ akẹ́rù tí ara rẹ̀ dá, tó ń gbé ẹrù, ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ kì í sábà ju nǹkan bí 10°C lọ. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀ tó báyìí, omi tó ń gba inú rédíétọ̀ kọjá kò tó nǹkan; ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ráyè tutù. Omi tó pọ̀ jù wà nínú ẹ́ńjìnnì, ó ń gbóná sí i. Ohun mẹ́ta ló lè fa èyí: pọ́ọ̀ǹpù tí kò tì í dáadáa, rédíétọ̀ tó dí, tàbí omi tó rí ọ̀nà mìíràn gbà.

Lórí ẹ́ńjìnnì yìí, ọ́ọ̀sì kúkurú kan so ilé tẹ́mọ́sítáàtì (ohun tó ń ṣí ọ̀nà omi tàbí tó ń tì í bí ooru bá ṣe rí) pọ̀ mọ́ pọ́ọ̀ǹpù. Ọ̀nà àbùjá ni: nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ibẹ̀ ni omi ń gbà yípo láìdé rédíétọ̀, kí ara ẹ́ńjìnnì lè tètè yá. Mo fi ọwọ́ kàn án, kíá ni mo fà á padà. Ó gbóná bí ọ́ọ̀sì òkè. Ní irú àkókò yẹn, ó yẹ kí omi inú rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi fi aṣọ wé ẹnu àmúga méjì kó má baà gé rọ́bà, kó fi wọ́n fún ọ́ọ̀sì náà pa. A kò tú ohunkóhun, a kò pààrọ̀ ohunkóhun. Kí a tó dúró pẹ́, ọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ti kúrò ní 49°C, ó ń gòkè. Abẹ́rẹ́ géèjì sì ń bọ̀ wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì parí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀ǹpù àti ti rédíétọ̀ tó dí náà parí, nítorí bí ọ̀kan nínú wọn bá ni, fífún ọ́ọ̀sì àbùjá pa kò lè mú omi sáré gba rédíétọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀.

A padà sí gáréèjì, a ṣí ilé tẹ́mọ́sítáàtì. Òfìfo ni.

"A yọ ọ́ ni," ni ọmọ Bàbá wí, láìtijú kankan. "Oòrùn ilẹ̀ wa ti tó, kí la fẹ́ fi ohun tó ń mú ọkọ̀ gbóná ṣe?"

Mi ò lè bá a jà, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn níbi tó ti kọ́ṣẹ́, bí wọ́n sì ṣe ń kọ́ni ní gáréèjì púpọ̀ nìyẹn títí di òní. Lórí àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ẹni tó yọ ọ́ lè máà rí ìjàǹbá lójú ẹsẹ̀. Lórí irú èyí, tẹ́mọ́sítáàtì dà bí oníbodè tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà méjì: bó ṣe ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ ni àwo kejì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń ti ọ̀nà àbùjá. Lé oníbodè lọ, ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Omi yóò sì gba èyí tó kúrú. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, ìwọ̀nba tó bá ṣèèṣì dé rédíétọ̀ ti tó, kódà ẹ́ńjìnnì yóò tutù ju bó ṣe yẹ lọ, yóò máa tu èéfín funfun láàárọ̀, sílíńdà yóò sì máa tètè jẹ. Nígbà tó bá gbé ẹrù, ó di wàhálà.

Tẹ́mọ́sítáàtì tuntun tó bá ojú ihò mu

Bàbá rán ọmọ rẹ̀ lọ ra òmíràn. Tuntun ni, ìwọ̀n rẹ̀ bá ojú ihò mu gẹ́lẹ́, wọ́n sì kọ 82°C sí i lára. N kì í gbé tẹ́mọ́sítáàtì sínú ẹ́ńjìnnì láìsè é. Mo lọ bá ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé kó yá mi ní ìkòkò àti iná.

"Ọ̀gá, ṣé irin lẹ fẹ́ sè fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yín jẹ lónìí ni?"

Mo fi okùn so ó kọ́ sínú omi kó má baà kan ìdí ìkòkò, ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣí níbi tó yẹ kó ṣí. A gbé e wọ ọkọ̀, a tún jáde pẹ̀lú ẹrù. Ó gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìgbà yìí ni Bàbá sọ pé ó ṣeé ṣe kí ẹni àkọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Mi ò dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá ti náwó lẹ́ẹ̀mejì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe burú sí i yẹn gan-an ló ṣàlàyé ara rẹ̀. Tẹ́mọ́sítáàtì tí wọ́n rà kò ní àwo ìsàlẹ̀. Ó ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, kò ní ohun tó lè fi ti ọ̀nà àbùjá. Ara rẹ̀ sì tún gba àyè lójú ọ̀nà rédíétọ̀, èyí tí òfìfo kò ṣe. Nínú ìkòkò, kò sí bí a ṣe lè rí àléébù yẹn, nítorí ìkòkò kò ní ọ̀nà àbùjá.

A nílò àpẹẹrẹ. Àwọn ará ilé wá kiri, ọwọ́ ọmọ-ọmọ Bàbá ni wọ́n ti rí ti àtijọ́, ó ti fi òkúta lù ú títí sípíríǹgì rẹ̀ fi yọ. Kò wúlò fún ẹ́ńjìnnì mọ́, àmọ́ nọ́ńbà ṣì wà lára rẹ̀, àwo méjèèjì sì ṣì hàn. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń lọ sí Èkó, ó bá wa rà á ní Ládípọ̀, Mushin, ó sì fi rán ọkọ̀ tó gba Ìlárá wọlé. A sè é, a fi sí i.

Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ọ́ọ̀sì òkè wá di 88°C, ti ìsàlẹ̀ 80°C. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Dẹ́rẹ́bà ní kí ó máa bá ọjà lọ. Mo ní kí a dé òkè Pọ́bẹ̀ ná.

Bóòtù mẹ́rin

Lórí òkè náà, pẹ̀lú gíà kejì, ó dé 101°C. Kò wọ pupa, ṣùgbọ́n kò dúró sójú kan, ó ń gòkè lọ. Bó ṣe dé òkè tán tó sáré díẹ̀, ó rọlẹ̀ padà.

Ọkọ̀ tó ń gbóná nígbà tó bá ń rá, tó sì ń tutù nígbà tó bá sáré, afẹ́fẹ́ ni kò rí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń gba inú rédíétọ̀ kọjá. Nígbà tó bá ń rá, fáànù nìkan ló kù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà á dé ni mo ti rí i pé kò ní kọ́fà fáànù, ìyẹn ìbòrí tó yí fáànù ká lẹ́yìn rédíétọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mi ò sì fọwọ́ kàn án, nítorí ọkọ̀ tó ń rìn lágbègbè wa láìní kọ́fà pọ̀, mi ò sì fẹ́ yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan kí n má baà mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Àmọ́ bóòtù gígùn mẹ́rin ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo mú ọ̀kan, mo fi sí ihò tó wà létí rédíétọ̀. Ó wọlé gẹ́rẹ́.

"Kọ́fà fáànù dà?"

Ọmọ Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ń dí wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń tú pọ́ọ̀ǹpù, wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń dè é padà, ihò kan kò bára mu, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ìyá rẹ̀ ti gbé e bo adìyẹ tó ń sàba.

Láìsí kọ́fà, abẹ̀bẹ̀ fáànù máa ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ilé ẹ́ńjìnnì kan náà ni yóò sì máa dà yí ara rẹ̀ ká. Kí a tó dè é padà, mo fi bébà pẹlẹbẹ han àwọn ọmọ iṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, bébà lẹ̀ mọ́ àárín rédíétọ̀ níwájú, ṣùgbọ́n ó já bọ́ ní gbogbo igun. Lẹ́yìn tí kọ́fà wọlé, tí a rí i pé nǹkan bí ìdajì fífẹ̀ abẹ̀bẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí kò sì fara kan ibì kankan, bébà náà lẹ̀ mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òkè Pọ́bẹ̀, àgbàdo kan náà, gíà kan náà: 91°C, kò sì kúrò níbẹ̀.

Ohun tí a ń ṣe báyìí

Ọkọ̀ tí wọ́n bá tú nílé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí wọn kò dá padà la kọ́kọ́ ń wá, kí a tó wá ohun tó bàjẹ́. Agolo bóòtù ṣáájú sípánà. Bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kò bá bá ọkọ̀ wá, a máa ń ní kí wọ́n pè é, a kì í sì í bú u, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo nílò wà lẹ́nu rẹ̀, bí mo bá dójú tì í yóò gbé e mì. Bí ọmọ Bàbá kò bá sọ pé àwọn yọ tẹ́mọ́sítáàtì tìfẹ́tìfẹ́ ni, mo lè máa rò pé àtijọ́ ni ó ti sọnù.

Mi ò fún Bàbá ní ìdánilójú lórí gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì tó ti wọ pupa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè dáa lónìí kó yọnu lẹ́yìn oṣù díẹ̀, irin tọ́ọ̀pù sílíńdà sì lè ti tẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò rí. A da omi kànga tó wà nínú rẹ̀ nù, a fi èyí tó ní oògùn ìpata sí i. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà máa di ọ́ọ̀sì òkè mú láàárọ̀ bó bá ṣe ń ṣáná, kó máa fi ṣọ́ọ̀kì fàlà síbi tí omi dé, kó sì wá rí mi lọ́jọ́ tí omi bá lọ sílẹ̀ láìjò síta. Kò tíì wá.